Iṣẹ́ Méjì tí Stolper Ṣe: Àbùkù kan Nínú Ẹ̀kọ́ Oyè Kejì ti Ìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé dé ipò oyè kejì, yálà ní Nàìjíríà tàbí ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ọjọ́ kan kì í pé kí olùkọ́ òwò láàárín orílẹ̀-èdè dojú kọ pátákó kí ó sì kọ orúkọ méjì sí i: Stolper àti Samuelson. Òfin tí àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí gbé jáde ní 1941 kò ṣòro láti sọ, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti fi ìṣirò gbè lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní bí orílẹ̀-èdè kan bá fi owó ibodè dènà ọjà àjèjì, èrè ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ náà, tí a sì ń lò jù láti fi ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀, yóò pọ̀ sí i, èrè ohun tí ó pọ̀ níbẹ̀ yóò sì dín kù. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti ṣọ̀wọ́n tí ilẹ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ, owó-iṣẹ́ yóò gòkè, owó onílẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Olùkọ́ yóò ya àwòrán, yóò kọ ìdọ́gba, yóò là á yé wọn. Nígbà tí ìdánwò bá sì dé, ìbéèrè kan yóò ti inú rẹ̀ jáde.

Ohun tí olùkọ́ náà kì í sábà sọ ni pé Wolfgang Stolper, tí orúkọ rẹ̀ ń bẹ lójú pátákó yìí, ti gbé ní Èkó rí. Ìlú Vienna ni wọ́n bí i sí ní 1912. Harvard ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Láti 1960 sí 1962, òun ni olórí ẹ̀ka ìṣètò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé, ọwọ́ rẹ̀ sì wà gidigidi nínú Ètò Ìdàgbàsókè Orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe fún 1962 títí di 1968. Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà, ó jókòó, ó kọ ìwé kan nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Planning Without Facts ni ó pe ìwé náà, èyí tí í ṣe Ètò Ṣíṣe Láìsí Òkodoro, ó sì jáde ní 1966.

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì léèrè iṣẹ́ tí Stolper ṣe, ti 1941 ni yóò kà lórí láìkọsẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí ó ti gbọ́ orúkọ ti 1966. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ Nàìjíríà ni ọmọ Nàìjíríà ń kọ́ sórí. Èyí tí ó ṣe lẹ́yìn tí ó ti fi ọdún méjì làágùn ní Èkó ni eruku bò mọ́lẹ̀ nílé ìkàwé. Kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́. Ètò ẹ̀kọ́ ni ó yan ti ìṣáájú tí ó sì fi ti ìkẹyìn sílẹ̀, ohun tí ó yàn yìí sì ń fi ohun tí ó kà sí ìmọ̀ hàn fún gbogbo ayé.

Òpó mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà dúró lé. Èkínní ni bí ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pinnu ohun tí yóò rà àti ohun tí yóò tà. Èkejì ni ọ̀ràn orílẹ̀-èdè lódindi, owó rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀wọ́n-gógó rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fífi ìṣirò dán àbá wò lára àwọn iye tí a ti kó jọ. Ìwé tí Mas-Colell, Whinston àti Green kọ ní 1995 lórí òpó èkínní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ojú-ìwé. Ìwé ńlá ni, kò sì sí ẹni tí ó jà á já tí kì yóò bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọjà inú rẹ̀ kò ní orúkọ. Kì í ṣe Bódìjà, kì í ṣe ọjà Onitsha, kì í ṣe Kurmi ní Kánò. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà kì í bàjẹ́, ilẹ̀ kì í sì í ṣú mọ́ ẹlẹ́rù lójú ọ̀nà.

Ní 1987, Colander àti Klamer tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní yunifásítì olókìkí mẹ́fà nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bi léèrè ohun tí ó lè mú ènìyàn gòkè kíákíá nínú iṣẹ́ náà. Mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé ó ṣe pàtàkì púpọ̀ kí ènìyàn mọ ọrọ̀-ajé bí ó ti rí gan-an. 68 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé kò ṣe pàtàkì. Òótọ́ ni pé oyè ọ̀mọ̀wé ni àwọn wọ̀nyẹn ń lé, kì í ṣe oyè kejì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jáde láti irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ ìwé tí gbogbo ayé fi ń kọ́ oyè kejì. Ohun tí a kò kà sí ní orísun, kò lè dé ìsàlẹ̀ odò.

Àwọn kan ti tìtorí irú èyí sọ pé ìṣirò ni ó ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ẹ̀sùn yẹn kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa tan ẹni tí ń sọ ọ́ jẹ. Ìdọ́gba kì í jẹ́ kí ènìyàn gba ohun méjì tí ó tako ara wọn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò di iye náírà mú ṣinṣin, pé òun yóò ṣí ibodè sílẹ̀ fún owó láti máa wọlé kí ó sì máa jáde bí ó ti wù ú, pé òun yóò sì tún máa dá iye èlé orí owó yíyá pinnu fúnra òun, ojú-ìwé ìṣirò kan ṣoṣo tó láti fi hàn án pé méjì péré ni ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ ìjọba ni ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú bí ó bá ka ojú-ìwé náà. Ìyá tí ń ta gààrí pàápàá ń ṣe ìṣirò. Kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ní kí a yọ ìṣirò kúrò nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ń fẹ́ sọ ọ́ di àwíjàre.

Àbùkù náà wà níbòmíràn. Ó wà nínú iye tí à ń kó sínú ìṣirò. Bí ọlọ bá dára tó ẹwà, yanrìn tí a bá dà sí i, yanrìn náà ni yóò lọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi oṣù púpọ̀ kọ́ bí a ṣe ń yí ọlọ. Ó lè gba oyè rẹ̀ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ẹ̀ẹ̀kan pé níbo ni ó ti rí ohun tí ó dà sórí rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 2014, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìṣirò orílẹ̀-èdè kéde pé àwọn ti tún àpapọ̀ ohun tí Nàìjíríà ń pèsè lọ́dún kà. Títí di ìgbà náà, iye àti ìwọ̀n 1990 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Nísinsin yìí wọ́n fi ti 2010 rọ́pò rẹ̀. Iye ti ọdún 2013, tí wọ́n ti pè ní nǹkan bí tírílíọ̀nù náírà 42, di tírílíọ̀nù 80. Ó fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́jọ́ kan, Nàìjíríà sì kọjá Gúúsù Áfíríkà lọ di àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Fóònù alágbèéká àti sinimá, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n kankan ní 1990, ti wọ inú ìwé. Kò sí ilé tí oúnjẹ ti pọ̀ sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Gánà ní oṣù kọkànlá 2010, nígbà tí iye tiwọn fi ohun tí ó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ní 2025, Nàìjíríà tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi 2019 ṣe ìpìlẹ̀.

Ẹni tí ó ṣe àtúnkà kò jẹ̀bi; àìtún un kà láti 1990 gan-an ni ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kó àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2014, tí ó sì kọ ọ́ lórí gbèsè ìjọba. Bí gbèsè bá jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ilẹ̀ náà ń pèsè nínú àtẹ tirẹ̀, ní oṣù kẹrin ó ti di díẹ̀ lé ní 10 ààbọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ kan. Ó ti fi ìṣirò ìgbàlódé dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó ti lẹ ìràwọ̀ mẹ́ta mẹ́ta mọ́ àwọn èsì tí ó dá a lójú, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwọn olùdánwò ti bi í nípa ìràwọ̀, ó sì dáhùn dáadáa.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka àpilẹ̀kọ oyè kejì ní Nàìjíríà yóò rí i pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1981. Kì í ṣe nítorí pé ohun pàtàkì kan ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀ràn tí wọ́n ń wádìí ní ọdún náà. Ibẹ̀ ni àtẹ Báńkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni. Nínú àtẹ tí a ń lò lẹ́yìn 2014, iye owó ọdún 2010 ni a fi ka ohun tí wọ́n pèsè ní 1981. Ènìyàn kò lè padà lọ sí 1981 láti lọ béèrè. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn padà sí, tí wọ́n sì ń fojú díwọ̀n bí wọ́n ti ń lọ. Ìdíwọ̀n kò burú. Ohun tí ó burú ni kí a máa pe ìdíwọ̀n ní ohun tí a rí. Bákan náà ni ti iye orí. Wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1962, wọ́n tún un ṣe ní 1963. Wọ́n fagi lé ti 1973. Ti 1991 mú nǹkan bí mílíọ̀nù 89 jáde nígbà tí àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè ti ń fi iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ṣètò. Gbogbo ìṣirò tí ó bá pín ohunkóhun fún orí kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ yìí, iye wọ̀nyí ni ó fi pín in.

Morten Jerven, ọmọ ilẹ̀ Norway, ti kọ gbogbo èyí sínú Poor Numbers, tí ó jáde ní 2013, ọdún kan kí àtúnkà Nàìjíríà tó dé. Ó rin ìrìn-àjò dé àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba ní orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan, ó sì sọ bí òṣìṣẹ́ wọn ti kéré tó àti bí owó wọn kì í ti í tó. Ìwé tí ó wúlò ni, ó sì kúrú. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni ó bẹ̀ wò. Nígbà tí ó bá di oko àti ọjà, ìwé àwọn ẹlòmíràn ni a ní láti ṣí.

Peter Bauer ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a dárúkọ. Ọmọ Hungary ni, Cambridge ni ó ti kàwé. Ní 1951, òun àti Yamey kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó yẹ kí a máa kà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan àtẹ iṣẹ́ ooṣẹ́ kankan. Wọ́n ní pípín tí ìwé ìjọba ń pín àwọn ènìyàn sí àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò bá ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mu. Ta ni kò mọ̀ pé òótọ́ ni? Ọkùnrin kan ń ro oko ní òwúrọ̀, ó ń hun aṣọ ní ọ̀sán, ó sì ń ṣe alájàpá ní ọjọ́ ọjà. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a kó iṣu wálé, ó ń dín àkàrà, ó ń dá àjọ. Ìlà kan ṣoṣo ni ìwé ìkànìyàn fi sílẹ̀ fún un. Àgbẹ̀ ni wọn yóò kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni onímọ̀ yóò fi ohun tí oko pèsè pín sí iye àwọn tí a pè ní àgbẹ̀, yóò sì kéde pé àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣiṣẹ́ tó.

Nínú West African Trade tí Bauer tẹ̀ jáde ní 1954, ó gbèjà àwọn alárobọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń pè ní ẹrù lórí ọjà. Wọ́n ní àwọn tí ń gba ọjà lọ́wọ́ ara wọn ti pọ̀ jù, pé bí ìṣáná bá ti ń gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò ṣá a, owó ń ṣòfò. Bauer ní rárá. Níbi tí owó òkòwò bá ti ṣọ̀wọ́n tí ọwọ́ tí ń wá iṣẹ́ sì pọ̀, lílo ènìyàn púpọ̀ láti pín ọjà sí wẹ́wẹ́ ni ọgbọ́n. Ẹni tí kò lè ra garawa epo kan lè ra ìgò kan. Àwọn tí ń ṣa ìgò ọtí, agolo sìgá àti àpò sìmẹ́ńtì òfìfo, tí wọ́n ń tún un tà, ń fi òógùn ara wọn rọ́pò owó tí ilẹ̀ náà ì bá fi ra tuntun láti òkè òkun. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kan náà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́, èyí tí ó ní kí a máa lo ohun tí ó pọ̀ dípò ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, ni Bauer fi dáhùn. Àwọn tí ó bá jiyàn mọ òfin náà ju bí wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn lọ. Agolo òfìfo ni wọn kò rí.

Polly Hill le ju Bauer lọ. Cambridge ni òun náà ti kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. John Maynard Keynes, tí òpó kejì ẹ̀kọ́ yìí gbára lé, jẹ́ arákùnrin ìyá rẹ̀. Ó lọ sí Gánà, ó sì bá ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí gbogbo ìwé ń tún sọ: pé àgbẹ̀ kòkó jẹ́ ẹni kékeré tí ń gbin éékà kan tàbí méjì sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ìyàwó. Hill rìn dé oko, ó wo àwòrán ilẹ̀, ó bi àwọn arúgbó léèrè. Ohun tí ó tẹ̀ jáde ní 1963 nínú The Migrant Cocoa-Farmers of Southern Ghana ni pé àwọn ará Akuapem àti Krobo ni wọ́n ti ń kó kúrò nílé láti bí ọdún 1890 síwájú, tí wọ́n ń fi owó tí wọ́n rí nídìí epo pupa àti rọ́bà ra igbó lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, tí wọ́n ń kó ara wọn jọ bí ilé-iṣẹ́ láti rà á, tí wọ́n sì ń fi èrè oko kan ra òmíràn. Olókòwò ni wọ́n. Ìwé ìjọba ti ń pè wọ́n ní tálákà abúlé fún bí àádọ́ta ọdún. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe wọ inú igbó Ifẹ̀ àti Oǹdó, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń gbin kòkó lọ, kò ní yà á lẹ́nu. Sara Berry ti kọ èyíinì sínú ìwé ní 1975.

Ní 1986, lẹ́yìn tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ẹ̀bá Katsina àti ní gúúsù Íńdíà, Hill fa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sílé ẹjọ́ nínú Development Economics on Trial. Orí kan wà nínú rẹ̀ lórí bí ìṣirò ìjọba nípa abúlé ti burú tó, tí ó yẹ kí a máa fi sílé bí ẹni fi dígí. Síbẹ̀ ìwé náà ní àṣìṣe tí kò kéré. Ìbínú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ níbi púpọ̀. Hill kọ̀ kí a kó gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru sínú agbọ̀n kan kí a sì pè wọ́n ní tálákà. Lẹ́sẹ̀ kan náà ó kó gbogbo onímọ̀ ọrọ̀-ajé sínú agbọ̀n kan, ó sì pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á láìsí olùtọ́nà lè ti ibẹ̀ jáde kí ó kórìíra iye. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò kórìíra iye rárá: ó ka oko, ó ka ilé, ó ka ẹran. Ó kàn kọ̀ láti lo iye tí kò mọ ẹni tí ó kà á ni.

Ìwé Stolper náà kò pé. Ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ ni pé kò fi àìsí òkodoro ṣe àwáwí. Ó ní bí iye kò bá tilẹ̀ sí, olùṣètò ṣì lè bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ìjọba fẹ́ dáwọ́ lé pé, ṣé yóò pa owó rẹ̀ padà? Ìjọba tí kò béèrè bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ ohun tí ó rẹwà tí yóò sì máa jẹ gbèsè lé e lórí. Ṣùgbọ́n orúkọ ìwé náà gan-an mú ìbéèrè lọ́wọ́. Ṣé òkodoro kò sí ní Nàìjíríà ní 1960 ni, tàbí kò sí lórí tábìlì olùṣètò? Ní 1956, Galletti, Baldwin àti I. O. Dina ti tẹ Nigerian Cocoa Farmers jáde, ìwé ràbàtà kan tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí wọ́n ti wádìí láàárín àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ní 1951 àti 1952: ohun tí wọ́n ń jẹ, gbèsè tí wọ́n jẹ, owó tí wọ́n fi rán ọmọ níléèwé. Dina yìí ni ó darí ìgbìmọ̀ ìpín owó orílẹ̀-èdè ní 1968. Òkodoro wà. Ẹnu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni ó wà, àti nínú àwọn ìwé bí irú èyí, tí ètò ẹ̀kọ́ oyè kejì kò rántí mọ́.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ilé ìkàwé nìkan, nítorí pé ẹni tí ó gba oyè náà kì í jókòó sílé. Báńkì Àpapọ̀ ni yóò lọ, tàbí ilé-iṣẹ́ ìṣètò, tàbí ọ́fíìsì àjọ àgbáyé. Ibẹ̀ ni yóò ti máa pinnu fún ẹni tí kò rí i rí. Láti 1947 ni àjọ tí ń ra kòkó fún ìjọba ti ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, iye náà sì kéré sí ti ọjà àgbáyé fún ọdún púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn ń pa owó náà mọ́ fún un de ọjọ́ tí ọjà bá kùtà. Lẹ́yìn náà wọ́n ń fi ṣe ìdàgbàsókè. Àwọn olóye gbà pé ó dára, nítorí pé àgbẹ̀ inú ìwé wọn jẹ́ ẹni tí bí owó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ná an lásán. Bauer jà á níyàn. Bí àgbẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí Hill rí, tí ń fi èrè oko kan ra oko mìíràn, a jẹ́ pé owó òkòwò ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ olókòwò láti fi fún akọ̀wé. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde ní 1968 àti 1969 nínú ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà, owó-orí àti owó kòkó wà lára ohun tí ó bí wọn nínú, ẹ̀mí sì lọ sí i. Àwọn àjọ náà wà títí di 1986 kí ìjọba tó tú wọn ká.

Àwọn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní èsì tí wọ́n máa ń fọ̀, èsì náà kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọdún kan ni oyè kejì ní Ìlú Ọba, ọdún kan ààbọ̀ tàbí méjì ni níbòmíràn. Bí ènìyàn kò bá kọ́ irin iṣẹ́ nígbà náà, ìgbà wo ni yóò kọ́ ọ? Ẹni tí a bá rán lọ sí ọjà láìní irin iṣẹ́ yóò padà wá pẹ̀lú ìtàn. Àwọn olùkọ́ kò tó, owó ìwádìí kò sí. Nítorí àìtó olùkọ́ yìí ni àjọ ìwádìí ọrọ̀-ajé Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nairobi ní 1988, fi da àwọn yunifásítì bíi mélòó kan pọ̀ ní 1993 láti máa kọ́ oyè kejì lápapọ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń péjọ sí Nairobi fún apá kan nínú ẹ̀kọ́ wọn. Iṣẹ́ rere ni, àwọn tí ó sì ti ibẹ̀ jáde kò gbẹ́yìn níbikíbi.

Síbẹ̀ èsì náà kò kan ẹ̀sùn. Kò sí ẹni tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ju irin iṣẹ́ nù kí ó lọ fi ọdún méjì gbé abúlé. A ní kí ó kọ orí kan, orí kan péré, nínú àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀, kí ó fi sọ ẹni tí ó ka iye tí òun ń lò, ìgbà tí ó kà á, ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n, àti ohun tí kò kà. Bí ó bá jẹ́ pé orí ọ̀wọ́n oúnjẹ ni ó ń kọ̀wé lé, kí ó mú òṣùwọ̀n dání, kí ó wọ ọjà ìlú rẹ̀ ní Sátidé mẹ́rin. Yóò rí i pé kọ́ńgò kan kò bá kọ́ńgò kejì dọ́gba, pé mudu tí wọ́n ń lò ní òkè Ọya kì í ṣe kọ́ńgò Ìbàdàn. Yóò bá kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú pàdé. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, owó gààrí kò gòkè lẹ́nu ọlọ́jà. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ó wálẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọ iye owó kọ́ńgò kan sílẹ̀ láìgbé e lé òṣùwọ̀n yóò kọ ọ́ pé ọjà dúró sójú kan. Ìyá tí ó rà á mọ̀ pé kò dúró. Ìkòkò rẹ̀ ti sọ fún un.

Clive Gray ṣe ètò ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Stolper ń kọ nígbà tí ó wà ní Nàìjíríà, ó sì jáde ní 2003, ọdún kan lẹ́yìn tí Stolper kú. Ọkùnrin ojú pátákó náà wà nínú rẹ̀ tí ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀, tí ń jiyàn, tí ó sì ń wá iye tí yóò fi ṣiṣẹ́. Kò gùn ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ tí olùkọ́ bá kọ orúkọ Stolper àti Samuelson sí pátákó àti ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀.